Òrìṣà Oko Wà Lórí Ceres: Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Rí Àwọn Àpáta Àárín Máàsì àti Júpítà, àti Ẹni Tó Ń Sọ Wọ́n Lórúkọ

Lórí Ceres, ọ̀kan nínú àwọn àpáta tó ń yí oòrùn ká láàárín Máàsì àti Júpítà, kòtò kan wà tí wọ́n ń pè ní Oxo. Kò tóbi púpọ̀. Láti etí rẹ̀ kan dé ìkejì, nǹkan bíi kìlómítà 10 ni, bí ìgbà tí èèyàn bá gbéra ní Òkè-Àdó, tó gba Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá kọjá, tó fi ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, tó wá ń wo Òjòó lọ́ọ̀ọ́kán. Nínú àkọsílẹ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀ Lágbàáyé, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí IAU, ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ náà ni pé òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, nínú ẹ̀sìn àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Brazil, èyí tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Yorùbá. Ọmọ Yorùbá tó bá ka èyí kò tún nílò àlàyé. Òrìṣà Oko ni wọ́n ń wí: òrìṣà tó fi Ìrawọ̀ ní Òkè-Ògùn ṣe ilé, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ń rọ ọ̀pá irin fún, tí oyin ń ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀, tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fẹnu kan iṣu tuntun kó tó gba tirẹ̀.

Ohun tó wà nínú kòtò náà ló mú kí n fi ṣáájú ọ̀rọ̀. Dawn, ọkọ̀ tí NASA rán lọ sójú òfuurufú láìsí èèyàn nínú rẹ̀, dé Ceres ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2015. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ yẹ ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára ilẹ̀ ibẹ̀ wò, inú Oxo ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ rí omi dídì tó hàn síta lórí Ceres, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Omi, nínú kòtò tó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà àgbẹ̀! Bí àwọn àgbà Ìrawọ̀ fúnra wọn ló yan ibẹ̀, n kò rò pé ibi tí wọn ì bá yàn lè dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kòtò mìíràn wà ní ìhà gúúsù Ceres yìí kan náà, òun sì tóbi gan-an: kìlómítà 260 ni fífẹ̀ rẹ̀, òun ló sì ṣe ìkejì nínú àwọn kòtò tó tóbi jù lórí gbogbo Ceres. Yalode ni wọ́n pè é. Àkọsílẹ̀ ní òrìṣà Dahomey ni, èyí tí àwọn obìnrin ń bọ nígbà ìkórè. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn, ìlú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, kò lè gbọ́ Yalode kí ọkàn rẹ̀ má lọ sí Ìyálóde, oyè tí obìnrin náà jẹ. Àwọn ará ilé wa mìíràn tún wà níbẹ̀. Dantu, tó ń ṣọ́ àkókò ìgbìn fún àwọn Gaa ní Ghana, ní kòtò tirẹ̀. Fejokoo, tí àwọn Ígbò gbà pé ó ń fúnni ní iṣu, ní tirẹ̀. Òfin tí IAU ṣe fún Ceres ló fa gbogbo rẹ̀: orúkọ òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ewéko ni kí àwọn kòtò ibẹ̀ máa jẹ́.

Orúkọ wa ti dé ibẹ̀ nígbà náà. Bó ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Brazil ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ Oxo gẹ́gẹ́ bí ibi tí orúkọ náà ti wá, Dahomey ni wọ́n kọ sí ti Yalode, wọ́n sì kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀ bí a ṣe ń pè wọ́n lọ́nà jíjìn sí ilé. N kò bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Ó rí orúkọ tó níyì, ó sì fi sí ibi tó níyì. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí láti 1801 títí di òní, ohun kan ò yí padà: ẹni tó ń wò ló ń sọ lórúkọ. Bí a kò bá sí láàárín àwọn tó ń wò, ẹlòmíràn ni yóò máa bá wa sọ ọ́, bó bá ṣe gbọ́ ọ sí ni yóò sì ṣe kọ ọ́.

Ceres fúnra rẹ̀ ni ti àkọ́kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1801, Giuseppe Piazzi, àlùfáà tó tún jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ ní Palermo ní erékùṣù Sicily, ń ka àwọn ìràwọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí kékeré kan tí kò sí nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ní alẹ́ kejì ó ti ṣípò. Ní alẹ́ kẹta ó tún ti ṣí. Ìràwọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Piazzi ń ṣọ́ ọ títí di ọjọ́ 11 oṣù Kejì, nígbà tí àìsàn dá a dúró. Kí àwọn onímọ̀ yòókù tó gbọ́, ohun náà ti rìn dé ibi tí ìtànṣán oòrùn ti bò ó mọ́lẹ̀. Carl Friedrich Gauss, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24 ní Jámánì, ló jókòó ti ìwọ̀nba ohun tí Piazzi kọ sílẹ̀, tó fi ìṣirò sọ ibi tó máa tún ti yọ. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, Franz von Zach gbé awò awọ̀nàjíjìn síbẹ̀, ó sì rí i.

Piazzi sọ ọ́ ní Ceres Ferdinandea. Ceres ni òrìṣà àgbẹ̀ àwọn ará Róòmù, ẹni tí wọ́n gbà pé Sicily ni ilé rẹ̀. Ferdinand sì ni ọba tí Piazzi ń sìn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mìíràn gba ti òrìṣà, wọ́n fi ti ọba sílẹ̀. Ọba kú, Ceres ṣì wà. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ọ̀rọ̀ orúkọ ti ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa awuyewuye láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Pallas tẹ̀lé e ní 1802, Juno ní 1804, Vesta ní 1807. Lẹ́yìn náà ó di ọdún 1845 kí wọ́n tó tún rí òmíràn. Ohun tó yí iṣẹ́ náà padà ni kámẹ́rà. Ní 1891, Max Wolf ní Heidelberg bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú ọ̀run ní fọ́tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí: àwọn ìràwọ̀ á dúró bí àmì kékeré, èyí tó bá ń rìn á fa ìlà tín-ín-rín sílẹ̀. Àkọ́kọ́ tó rí báyìí ni nọ́ńbà 323, ó sì sọ ọ́ ní Brucia nítorí Catherine Wolfe Bruce, obìnrin olówó kan ní New York tó fi owó ran iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Owó náà ní ipa tirẹ̀ nínú ìsọlórúkọ, kò sì yẹ kí a fi pa mọ́.

Lónìí, irú àpáta bẹ́ẹ̀ tí a ti rí ti lé ní mílíọ̀nù kan, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì ń yí oòrùn ká láàárín Máàsì àti Júpítà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́ bí fíìmù ṣe ń fi hàn. Bí a bá kó gbogbo wọn jọ, ìwọ̀n wọn kò tó ìdá kan nínú ogún òṣùpá wa, Ceres nìkan sì ló ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ọkọ̀ mélòó kan ti gba àárín wọn kọjá láìkan ọ̀kankan.

Báwo wá ni èyí tí wọ́n bá rí ṣe ń di ẹni tó lórúkọ? Ó máa ń pẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ ń gbà ni àmì: ọdún, lẹ́tà méjì, àti nọ́ńbà bó bá yẹ. Àmì náà ń ṣe irú iṣẹ́ tí orúkọ àmútọ̀runwá ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Bí Ìdòwú ṣe ń sọ ipò tí ọmọ wà tẹ̀lé àwọn ìbejì, tí Abíọ́nà sì ń sọ ibi tí wọ́n bí i sí, bẹ́ẹ̀ ni àmì yìí ń sọ ìgbà tí wọ́n rí àpáta náà àti ipò tó wà. Ẹ mú 1998 DW23. Ọdún ni 1998. D dúró fún ìdajì kejì oṣù Kejì. W àti 23, bí a bá ṣírò wọn pọ̀, ń sọ pé òun ni ó ṣe ẹni 597 tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ìdajì oṣù náà. Kò sí ẹni tó ronú yan àmì náà. Bó ṣe dé ayé ló mú un wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn óò máa ṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gbọ́dọ̀ fara hàn, kó wọ̀, kó tún fara hàn, títí tí ipa ọ̀nà rẹ̀ yóò fi dájú. Nígbà náà ni Minor Planet Center ní ìpínlẹ̀ Massachusetts yóò fún un ní nọ́ńbà tí kì í yí padà mọ́. Nọ́ńbà yìí ló ń ṣí ilẹ̀kùn orúkọ: ẹni tàbí ẹgbẹ́ tí wọ́n gbà pé ó rí i yóò ní ọdún mẹ́wàá láti dá orúkọ lábàá, ìgbìmọ̀ IAU kan ló sì ń gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Orúkọ náà kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 16 lọ, kò gbọ́dọ̀ jọ èyí tó ti wà jù, kò gbọ́dọ̀ bu ẹnikẹ́ni kù, kò sì gbọ́dọ̀ polówó ọjà. Olóṣèlú tàbí ológun kò lè gbà á àfi bí ó bá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti kú. Fún àwa tí à ń kọjá níwájú ilé Awólọ́wọ̀ ní Òkè-Bọ́lá bí a bá ń ti Òkè-Àdó bọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò ṣeé ṣe kí a dá orúkọ Awólọ́wọ̀ lábàá kó tó di ọdún 2087. Ẹfúnṣetán, tó kú ní 1874, ti kọjá ìdíwọ́ yẹn. D. O. Fágúnwà kò ní ìdíwọ́ kankan, òǹkọ̀wé ni. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún láàyè, Fágúnwà ni n óò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ta ló tún yẹ, bí kò ṣe ẹni tó kó gbogbo wa lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kò dé rí?

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, nítorí ó ń ṣe àwọn èèyàn wa ní ibi. IAU kì í ta orúkọ. Gbogbo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé a ti fi orúkọ ìyàwó tàbí ọmọ yín sọ ìràwọ̀ tàbí àpáta kan, kò sí onímọ̀ ìràwọ̀ kankan tó ń lò ó. Ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn.

Áfíríkà ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn àjèjì ló wà. Ní Johannesburg, Cyril Jackson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rí àpáta tó lé ní 70, ó sì fẹ́ràn orúkọ ilẹ̀ yìí. Ó rí nọ́ńbà 1193 ní 1931, ó di Africa. Kenya àti Uganda, 1278 àti 1279, tẹ̀lé e ní 1933. Ní 1936 ó rí 1816, orúkọ rẹ̀ sì ni Liberia, orílẹ̀-èdè tó wà ní apá tiwa gan-an. Somalia àti Ethiopia wá láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1937. Mombasa wà níbẹ̀, Kampala wà níbẹ̀, odò Limpopo wà níbẹ̀. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn tí Jackson rí. Àwọn ará Faransé ṣe bíi tirẹ̀ ní Algiers. 1213 Algeria, tí Guy Reiss rí ní 1931, wá láti ibẹ̀. Mo ka orúkọ wọ̀nyí pẹ̀lú ìdùnnú, nítorí wọ́n lẹ́wà, ó sì hàn pé ẹni tó yàn wọ́n fẹ́ràn wọn. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí wọ́n ń fi orúkọ odò àti ìlú wọn sọ ohun tó wà lókè, àwọn tó ni odò àti ìlú náà kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn tó dé lẹ́yìn sàn díẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ọkọ̀ Lucy ti NASA kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta kan tí kò tó kìlómítà kan, tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà ní 1999. Dinkinesh ni wọ́n ti sọ ọ́ kí ọkọ̀ náà tó débẹ̀, orúkọ tí àwọn ará Ethiopia ń pe egungun àtijọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lucy. Ó yà wọ́n lẹ́nu nígbà tí wọ́n rí òṣùpá kékeré kan tó ń yí i ká. Selam ni wọ́n sọ òun náà, èdè Amharic kan náà. Nàìjíríà pẹ̀lú ti gbìyànjú níbi tí wọ́n ti fún un láàyè: nígbà tí IAU pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2019, tí wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ, tiwa gba Amadioha àti Equiano. Ṣàngó pàápàá ti wà lórí Io, òṣùpá Júpítà tó ń yọ iná láti inú ilẹ̀, láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Èyí tó sún mọ́ wa jù, tó sì wú mi lórí jù, ti Senegal wá. Ẹ rántí 1998 DW23. Alain Maury, ọmọ Faransé, ló rí i ní 1998. Nígbà tó tó àkókò láti sọ ọ́ lórúkọ ní 2021, nọ́ńbà 35462 di Maramkaire, nítorí Maram Kaire, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Senegal. Iṣẹ́ ló mú orúkọ náà wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, nígbà tí àpáta Arrokoth tó jìnnà ré kọjá Pluto fẹ́ gba iwájú ìràwọ̀ kan kọjá, tí òjìji rẹ̀ sì máa kan ilẹ̀ Senegal, àwọn onímọ̀ NASA kó awò awọ̀nàjíjìn wọn wá síbẹ̀, Kaire àti àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì bá wọn ṣe é ní pápá. Kò sí ilé awò ńlá kankan tí wọ́n jogún. Èèyàn ni wọ́n ní, tó múra sílẹ̀ kí àlejò tó dé.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí èdè tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run ṣe lè di èdè ìsọlórúkọ, ẹ wo Hawaii. Orí òkè Haleakalā níbẹ̀ ni awò Pan-STARRS wà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń rí àpáta jù láyé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kò gbà kí òkè wọn máa rí, kí ẹlòmíràn sì máa sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ èdè wọn, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti jọ ń yan orúkọ. Nọ́ńbà 469219, tó ń bá ayé wa rìn, gba Kamoʻoalewa lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú àmì èdè wọn lórí rẹ̀ láìyọ kúrò. Àwọn ará Czech náà ti kọ Čapek pẹ̀lú àmì rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìdí tí a óò fi gbà pé àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ wa kò lè dé ibẹ̀. Òrìṣà Oko, kí a kọ ọ́ bó ṣe yẹ, kò tó lẹ́tà 16.

Kí ni Ìbàdàn wá ní? Ilẹ̀ wa sún mọ́ ìlà àárín ayé, nítorí náà ipa ọ̀nà tí àwọn àpáta wọ̀nyí ń tọ̀ lójú ọ̀run fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àtàrí wa kọjá. Kò sí ìgbà kan nínú ọdún tí gbogbo wọn sá fún wa. Ohun tí kò bá wa ṣe ni òfuurufú fúnra rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ń bo ọ̀run nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìkùukùu ń bò ó nígbà òjò, iná títì àti èéfín jẹnẹrétọ̀ láti Òkè-Àdó dé Chálẹ́ńjì sì ń jẹ ìyókù. Ẹni tó bá ní kí a kọ́kọ́ kọ́ ilé awò ńlá sí Ìbàdàn ń sọ ohun tí yóò pẹ́ kó tó ṣẹ.

Kò pọn dandan. Láti 2006 ni ètò kan ti wà, International Astronomical Search Collaboration, tí Patrick Miller dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Hardin-Simmons ní Texas, ọ̀fẹ́ sì ni. Wọ́n ń fi àwòrán ojú ọ̀run tí Pan-STARRS yà ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwé káàkiri ayé. Mẹ́rin-mẹ́rin ni àwòrán náà máa ń wá, ti ojú kan náà, tí wọ́n yà tẹ̀léra. Àwọn ọmọ á fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Astrometrica mú wọn wá sójú kan, wọn á máa pààrọ̀ wọn kíákíá: gbogbo ìràwọ̀ á dúró, ohun tó bá ń rìn á máa fò láti ibì kan sí ibì kan ní ìlà títọ́. Wọn á wọn ibi tó wà, wọn á kọ ìròyìn, wọn á fi ránṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ láti Nàìjíríà ti wà lára àwọn tó ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà kan, dátà díẹ̀, iná fún wákàtí mélòó kan àti olùkọ́ tó ní sùúrù ni gbogbo ohun tó ń béèrè, kò sì sí èyí tí ilé-ìwé girama kan ní Òkè-Àdó tàbí Mòlété kò lè ní. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà, níbi tí ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti 1998. Ẹni tó bá nílò ẹni tí yóò kọ́ olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kí a má fi falẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Awò Vera C. Rubin tuntun ní Chile fi àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ han ayé ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Nínú iṣẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá péré, ó ti rí àpáta tuntun 2,104. Mílíọ̀nù-mílíọ̀nù ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń rí i fúnra rẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó kù fún ojú ọmọ èèyàn yóò máa kéré sí i.

Ìdúró náà sì gùn. Láti ọjọ́ tí ọmọ SS 1 bá rí àmì kékeré kan tó ń rìn títí di ọjọ́ tí nọ́ńbà yóò jáde, ó lè ti parí yunifásítì, ó lè ti wà ní Kánádà. Nítorí náà, kí ilé-ìwé tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ra ìwé ńlá kan ṣáájú kó tó ra ohunkóhun. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà sínú rẹ̀, àmì tí wọ́n fún àpáta, ọjọ́ tí wọ́n fi ìròyìn ránṣẹ́, àti orúkọ tí àwọn ọmọ náà fẹ́ kó jẹ́, pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọ̀gá ilé-ìwé sì máa fi lé ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́.